Nọ́ńbà Kan, Ìtumọ̀ Méjì

Ooru ọ́fíìsì náà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ní Circle, láàárín ìlú Accra, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù. Ìgbóná páànù á máa bọ̀ lókè, èéfín trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, á máa bọ̀ nísàlẹ̀, ariwo àwọn mate tó ń pe èrò á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, bí èèyàn bá lè pe ẹni tó ti jáde yunifásítì ní ọmọdé. Mo ka ara mi sí ẹni ńlá. Bí wọ́n bá bi ìyá mi ní ọjà Kotobabi, níbi tó ti ń ta ọṣẹ àti èlò inú ilé, pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní ó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe, inú á sì bí mi. Mo fẹ́ kó máa sọ pé èmi wà lára àwọn tó ń kọ ohun tó ń darí kọ̀m̀pútà. Ó máa ń bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò nira láti ṣàlàyé. Ní àwọn ọsibítù tó ní páìpù ọ́síjìn nínú ògiri, a máa ń gbé àpótí kékeré kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó máa wò bóyá ọ́síjìn náà ń lọ dáadáa. Àpótí yìí ló ń gba orí wáyà ránṣẹ́ sí àpótí kejì tó wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, iná àwọ̀ ewé á tàn lórí tábìlì. Bí nǹkan bá ṣe, iná pupa á tàn, á sì máa dún. Kọ̀m̀pútà kékeré kan wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ètò tó sì ń darí kọ̀m̀pútà náà, òkèèrè ló ti wá, àmọ́ ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló gé e kúrú, tó tún un ṣe, tó ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ọkùnrin Ga, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Accra, ni ọ̀gá wa, ẹni tí kì í pariwo, tó máa ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ bó bá ń ronú.

Ètò tó ń darí kọ̀m̀pútà kì í fi ọ̀rọ̀ bá àwọn ètò yòókù sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló ń lò. Nọ́ńbà kan wà fún pé ohun tí o ń wá kò sí, òmíràn wà fún pé dúró ná, n kò tíì ṣetán, òmíràn wà fún pé a ti há mọ́ra, kò sẹ́ni tó lè lọ. Àwa tí à ń kọ ọ́, orúkọ la máa ń kọ, ẹ̀rọ á sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ náà. Ibi tí wàhálà wà ni pé oríṣiríṣi ọpọlọ ẹ̀rọ ló wà lọ́jà, láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, àwọn tó sì kọ́kọ́ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ti yan nọ́ńbà tó wù wọ́n láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bára mu, àmọ́ fún àwọn kan, orúkọ kan náà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí irú ọpọlọ tí a kọ́kọ́ ń lò kò sí lọ́jà mọ́, ọ̀gá ra irú mìíràn, ó sì gba àwọn nọ́ńbà tó bá a wá bó ṣe bá wọn, torí àwọn ọsibítù ń dúró dè wá.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ewe tó wá láti Ho, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Bí a bá jókòó sídìí waakye, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, lọ́sàn-án, á ní ọjọ́ ń bọ̀ tí àpótí méjì tí ọpọlọ wọn yàtọ̀ máa pàdé nínú ọsibítù kan, wọ́n á sì máa fi nọ́ńbà kan náà sọ ohun tó yàtọ̀ síra. Ó ní ká jókòó, ká yan nọ́ńbà kan ṣoṣo fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ọpọlọ máa lò ó. Mo máa ń gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ rédíò ilé kejì. Lójú mi nígbà náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í jókòó ti nọ́ńbà. Nǹkan tó ń dán lójú, tí àwọn èèyàn máa rí tí wọ́n á pàtẹ́wọ́, ni mo fẹ́ máa kọ.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá níṣojú gbogbo wa. Ọ̀gá nu gíláàsì rẹ̀ títí. Kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní àpótí ti wà lára ògiri ní Tamale, ní Takoradi, ní àwọn ibi tó jìnnà sí wa, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà, àti èyí àtijọ́ àti èyí tuntun. Bí a bá yí nọ́ńbà àwọn kan padà láìtíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù, ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí a máa dà rú. Ó ní ká má fọwọ́ kan ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Bí mo bá fẹ́ bínú sí i títí di òní, ibẹ̀ ni mo máa ń há sí: ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìpè wọlé. Ọsibítù kan ní Accra, tí n kò ní dárúkọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọ́ọ̀dù tuntun fún àwọn abiyamọ, a sì ti gbé àpótí tuntun kọ́ sára ògiri wọn, àwọn tó ní ọpọlọ tuntun. Tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń lo àpótí àtijọ́. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, wà lórí ọ́síjìn. Ọ́síjìn inú páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ há: ètò méjì inú rẹ̀ ń dúró de ara wọn, kò sì sí èyí tó lè sún. Ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ pé òun ti há. Iná àwọ̀ ewé ń tàn lórí tábìlì. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀dì pọ̀. Wọ́n wo iná náà, wọ́n sì kọjú sí àwọn tó ń pè wọ́n. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn fi máa dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó ti dákẹ́.

Wọ́n gbé àpótí méjèèjì wá fún wa nínú páálí. A tò wọ́n sórí tábìlì, a fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹlẹgbẹ́ mi sì mú kí èyí tuntun há bó ṣe há lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà tó jáde ni márùndínlógójì. Lọ́dọ̀ àpótí tuntun, ohun tí márùndínlógójì ń sọ ni pé a ti há mọ́ra, kò sẹ́ni tó lè lọ. Lọ́dọ̀ àpótí àtijọ́, ohun tó ń sọ ni pé kò sí ìròyìn kankan. Iná àwọ̀ ewé tàn níwájú wa. Mo rò pé ẹlẹgbẹ́ mi máa sọ pé òun ṣáà ti wí bẹ́ẹ̀. Ó yọ wáyà náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn páálí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Kò pẹ́ tí lọ́yà ilé iṣẹ́ fi wá bá wa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá ará ìta sọ̀rọ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ wa sọ fún ọsibítù ni pé iná mànàmáná ló ṣe ségesège. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, torí iná kì í ṣàì ṣe ségesège.

Ọkọ olóògbé kò gbà. Awakọ̀ trotro ni, ọ̀nà Circle sí Kasoa ló ń ná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè wá láràárọ̀, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà wa, á gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé itan, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Bí a bá ń wọlé, á kí wa. Ìkíni yẹn ló burú jù. Nígbà tó yá, ọ̀gá pè mí. Ó ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ni ọkùnrin náà, Alata sì ni èmi náà, kí n lọ fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀, kí n rọ̀ ọ́ kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ mìíràn, bí ẹnì kan bá pè mí ní Alata lọ́nà bẹ́ẹ̀, mo máa ń dáhùn pé ọmọ Accra ni mí. Lọ́jọ́ náà, mo kàn dìde lọ bá a.

Mo mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí obìnrin tó ń ta waakye, a jókòó. Yorùbá inú ilé ni Yorùbá tèmi nígbà náà: wá jẹun, lọ sùn, ta ló fọ́ abọ́. Mo máa ń yà bọ́ sínú Twi láìmọ̀. Tirẹ̀ já gaara, torí Ọ̀fà ni wọ́n ti tọ́ ọ kó tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Ghana. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ, nípa iná mànàmáná. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Àǹtí,” ó ní, “n ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé èmi ni mo pa á?”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá ṣàlàyé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kí ọmọ òun bímọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra, níbi tí òun fúnra rẹ̀ bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Òun ọkọ ló ní rárá. Ẹnì kan tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ ló sọ fún un pé ọsibítù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, pé ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀. Ó lọ wò ó. Ó rí àpótí wa lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ibẹ̀ ló máa lọ, pé ẹ̀rọ á máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ìyàwó gbé ọmọ tuntun náà, obìnrin ni, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó pa ọmọ òun kò ní gbé ọmọ ọmọ òun. Láti ìgbà náà, ọkọ yìí kò tíì fojú kan ọmọ rẹ̀. Ó ní bí òun bá dúró sójú títì òun máa ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà, òun ò sì mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ láti kanlẹ̀kùn.

Mo sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì oníwaakye, pẹ̀lú Yorùbá tí kò tó mi lò. N kò rántí lọ́yà títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ mí kí n lọ bá ìyá ìyàwó òun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. “Bí èmi bá sọ ọ́, á ní mo lọ hun irọ́ wá,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀rọ náà. Á gbọ́ tiyín.”

Ìyá mi ni mo sọ fún. Mo rò pé á ní kí n rọra, kí n ronú iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó ń to ọṣẹ lé ara wọn, kò dáwọ́ dúró. Ó ní n kò lè dá lọ sí ilé ọ̀fọ̀ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé àgbà ló yẹ kó ṣíwájú mi. Ó wá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ, kí òun gbọ́ ọ ná. Mo gbẹ́nu lé ètò, ọpọlọ ẹ̀rọ àti ìlànà, bí ẹni tó wà níwájú olùkọ́. Oníbàárà kan wá, ìyá mi tà fún un, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì, ó sì yíjú padà. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yé òun nínú gbogbo rẹ̀. Mo tún un sọ. Ó ní kò tíì yé òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà láàárín òórùn ọṣẹ, mo ń ju ọ̀rọ̀ nù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi mi orí pé ó yé òun. Ojú rẹ̀ ti yí padà nígbà náà. Ó ní kí n mú ìborùn dání.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la lọ. Ilé àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn tó ṣíwájú wa kọ́ sí Lagos Town, tí àgbàlá wà láàárín, tí yàrá yí i ká. Ọkọ dúró sí ìkòríta, kò sún mọ́ ilé. Ìyá olóògbé jókòó sórí ẹní, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ó ti fìgbà kan rí ta aṣọ, ìyá mi sì mọ̀ ọ́n lójú. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Ìyá mi bá a dárò, ó ṣàdúrà fún òkú, ó ṣàdúrà fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọmọ mi yìí ní ọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mo ní kó wá.” Kì í ṣe òun ló ní kí n wá. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè jẹ́ pé òun ni wọ́n máa bínú sí, bí ìbínú bá wà.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Màmá,” mo ní, “ẹ̀rọ méjì ló ń ṣọ́ ọmọ yín. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ ò lè sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ni wọ́n ń sọ síra wọn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ nọ́ńbà kan. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ gbà mí, mo ti há. Lọ́dọ̀ ìkejì, nọ́ńbà yẹn kan náà, ohun tó jẹ́ ni pé kò sí ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wo àpótí yẹn lára ògiri kò lè mọ̀. Ọkọ wọn ò lè mọ̀.”

Ó dá tẹ̀súbáà dúró. “Ọ̀kan ń ké,” ó ní, “ìkejì ní ilé dákẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà?”

Mo sọ fún un pé àwọn tó yan nọ́ńbà náà pọ̀, pé ó ti pẹ́, ní ìlú òkèèrè, kí wọ́n tó bí èmi. Pé olúkúlùkù yan tirẹ̀, wọn ò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa pàdé. Mo sọ ti ọ̀gá wa pẹ̀lú, n kò bò ó. Mo ní ó mọ̀ pé wọn ò bára mu, pé ẹnì kan sọ fún un, àmọ́ ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá yí i padà òun lè ba èyí tó dára jẹ́.

“Ṣé ó ti bímọ?” ó bi mí.

Mo ní ó ti bímọ.

“Kí Ọlọ́run bá a wò wọ́n.”

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ohun mìíràn. Ìyá mi ṣe àmín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣe é.

Ọmọ náà yíra padà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ìyá olóògbé fi ọwọ́ lé e láyà títí ó fi sinmi. Ó wá wo ìyá mi, kò wò mí. Ó ní, “Ẹ ti gba ẹni tí mò ń bínú sí kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ ò sì fún mi ní ẹlòmíì.” Mo ti rò pé òtítọ́ tí mo gbé wá máa tu ẹnì kan nínú. Irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn. Omi ojú ń dà lójú rẹ̀ láìsí ìró, ó sì jẹ́ kó máa dà.

Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n pe ọkọ ọmọ òun wọlé. Ó ní kò ní bá òun sọ̀rọ̀ o, ọmọ rẹ̀ ni kó wá wò. Ọkọ náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò sì dìde títí ìyá mi fi gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti yí ojú sí ògiri. Bó ṣe rí nìyẹn: ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì jẹ́ kí ẹkún rẹ̀ ní ìró, kó má baà jí i.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì. N kò mọ ẹni tó gbé e dé ibẹ̀. Ọ̀gá pè mí wọ yàrá rẹ̀, kò pariwo. Ó ní lọ́yà ti sọ pé n kò lè dúró síbẹ̀ mọ́. Ó wá bi mí pé kí ni ìyá náà sọ. Mo ronú láti fi í pa mọ́, àmọ́ mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wà, ìbéèrè nípa ọmọ àti ohun tó tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin ni àwọn ọmọ ọ̀gá, wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń yí po ní ìsàlẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní n kò ní lọ báyìí. Kí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi jókòó yan nọ́ńbà kan ṣoṣo fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ká sì lọ yí gbogbo àpótí tó wà lára ògiri padà. Òun á dá lọ́yà lóhùn.

Ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ ká tún gbogbo nọ́ńbà náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè mọ́, kó lè rẹwà. Ọ̀gá kò gbà. Ó ní àwọn nọ́ńbà àtijọ́ la máa mú, bó ti wù kí wọ́n rí wọ́gọwọ̀gọ tó, torí àpótí àtijọ́ ló pọ̀ jù lára ògiri, àwọn tí a máa yí padà á sì kéré. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló tọ̀nà. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà wá di ẹni tó ń bá nọ́ńbà sùn, tó ń bá a jí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ṣe iṣẹ́ tí kò ní ohun kankan tí ẹnikẹ́ni máa rí.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sójú ọ̀nà. Tamale, Takoradi, Ho, àwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní Takoradi sọ fún wa pé a ò lè yọ àpótí tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lórí ọ́síjìn. Òótọ́ ló sọ. Torí náà a ní láti dúró kí bẹ́ẹ̀dì ṣófo. A máa ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, irinṣẹ́ wa á wà lórí itan, àwọn ẹbí aláìsàn á sì rò pé ẹbí aláìsàn ni àwa náà. Wọ́n á fún wa ní omi mu. Wọ́n á bi wá pé ta ni tiwa. Nígbà mìíràn, aláìsàn á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, inú gbogbo wa á dùn. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti bẹ́ẹ̀dì jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bo ẹni náà láti orí dé ẹsẹ̀, àwa méjèèjì á dìde, a ó kó irinṣẹ́ wa wọlé, n kò sì ní lè wo ojú àwọn tó fún wa lómi.

A kò dé gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọsibítù kan kò jẹ́ ká wọlé, torí lọ́yà tiwọn náà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbọ́ orúkọ ìlú kan báyìí nínú ìròyìn, mo máa ń rántí pé àpótí wa kan ṣì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ẹlẹgbẹ́ mi padà sí Ho, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọ̀gá ṣàìsàn, ó sì kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ara wọn le. Mo wò wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀. Mo wà lára àwọn tó tú ká gbogbo ayé, tí wọn kì í rí ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa nọ́ńbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ máa lò, kí ó lè bá ti àwọn tó ṣáájú mu. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kì í lè yí i padà, torí ẹnì kan níbì kan ti gbára lé e. Èyí tó ń bọ̀ nìkan la lè tún ṣe. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bínú sí mi pé mo le jù, pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ń tìtorí ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. N kì í sọ ìdí rẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ padà fún wọn pé kí wọ́n lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá olóògbé náà kú. Ìyá mi kò lè rìn dáadáa mọ́, torí náà èmi ni mo lọ bá wọn ṣe àdúrà. Ọkọ náà wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Wọ́n ní òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀ jọ tọ́ ọmọ náà nínú ilé yẹn, wọ́n jọ ń jẹun nínú àgbàlá kan náà, wọn kì í sì sọ̀rọ̀ kọjá èyí tó bá kan ọmọ. Ọmọ ti dàgbà. Ó gùn, ó láwọ̀ bíi ti bàbá rẹ̀, ó ń gbé omi fún àwọn àlejò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, bàbá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ kí mi, pé ọ̀rẹ́ ìyá àgbà ni mí. Ó kúnlẹ̀. Ó wá fi Twi bi mí pé iṣẹ́ wo ni Àǹtí ń ṣe.

Mo dá a lóhùn ní Yorùbá, mo ní mo ń bá àwọn kan ṣe iṣẹ́ kọ̀m̀pútà. Ó ní òun náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ kọ̀m̀pútà bí òun bá jáde ilé ẹ̀kọ́. Mo wo bàbá rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún ọmọ náà, ìyá àgbà náà kò sì sọ ọ́ títí ó fi lọ. Ọmọ náà gba ife lọ́wọ́ mi, ó dìde, ó lọ bá àwọn àlejò yòókù. Mo rò ó bí mo ṣe ń lọ sílé, mo sì ń rò ó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́jọ́ kan, á bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bí ìyá òun ṣe kú, bàbá rẹ̀ á sì ní kó wá bá mi. Mo ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa sọ ọ́ fún un. N kò mọ ẹlòmíràn náà.